Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin dókítà kídìnrín wa: ẹni tẹ́ ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń retí èsì

Ẹ̀yin dókítà kídìnrín wa, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ Nigerian Association of Nephrology, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe rìsáàṣì lórí kídìnrín káàkiri àwọn ọsibítù fásitì wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú àìsinmi, ẹ kú ìfaradà iná tó máa ń lọ nígbà tí èèyàn bá wà lórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò pọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé ti gba ìlú òyìnbó lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ́kù lẹ wá ń gbé ẹrù gbogbo wọn, nítorí náà mi ò fi ìbínú kọ lẹ́tà yìí, bí ohùn mi bá wá lọ sókè níbì kan ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi sùúrù kà á, ọ̀rọ̀ náà ló ká mi lára.

Tíṣà ni mí, bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 n'Íbàdàn níbí. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi, ọmọ ìyá ọmọ bàbá mi, ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tó ti ń lọ sí dáyálísísì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti kú fọ ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kó máa lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe ń rí, ọ̀sẹ̀ tówó bá wà ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ tí ò bá sí ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ tí nǹkan bá wá le gan-an ó máa lọ lẹ́ẹ̀kan, á wá máa mí gùle-gùle lórí àga bí ẹni tó ń gun òkè, torí omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ọsibítù wọn kan, UCH wa náà wà lára wọn, á máa gba 12,000 náírà dípò 50,000 fún ìgbà kan, inú wa dùn sí i púpọ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n a ń wá bí a ṣe máa gbé e lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé o. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kan ni.

Kí kídìnrín àbúrò mi tó kú pátápátá, nígbà tó ṣì ń lọ sí klíníìkì ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ (torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀), àwọn kan wá bá a lórí bẹ́ǹṣì níbi tó ti ń dúró de dókítà. Wọ́n láwọn ń ṣe rìsáàṣì lórí kídìnrín. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n bi í bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti ní irú ẹ̀ rí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n fún un lówó mọ́tò, ó sì sáìn. Wọ́n fún un ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó sáìn, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà kan wà ní igun rẹ̀ lókè tí wọ́n fi báírò kọ. Láti ọjọ́ náà títí dòní, kò sẹ́ni tó pè é.

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù náà wà. Ọdún tó kọjá ni mo sọ fún un pé mo fẹ́ fún un ní kídìnrín mi kan, ó sunkún, èmi náà sunkún, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ, ibi tó ti ń tú báàgì ni fọ́ọ̀mù yẹn ti jáde. Mo kà á. Ojú ìwé kẹta ni mo ti rí i pé wọ́n máa yẹ jíìnì kan wò lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jíìnì ni ohun àjogúnbá tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, APOL1 lorúkọ èyí. Ara mi ṣì tutù nígbà yẹn, ìgbà tí mo wá lọ kà nípa APOL1 délé ni oorun dá lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ níbí fún àwọn tí kì í ṣe dókítà tó máa ka lẹ́tà yìí, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Gbogbo wa la mọ jínótáìpù, AA, AS, SS, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ní bi í. Ẹ wo APOL1 bẹ́ẹ̀. Oríṣi jíìnì náà kan wà tí kò ní wàhálà, oríṣi méjì wà tí wọ́n ń pè ní G1 àti G2, bí èèyàn bá gba ọ̀kan nínú wọn lọ́dọ̀ bàbá tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ì báà jẹ́ G1 méjì, G2 méjì, tàbí G1 kan àti G2 kan, ẹni tí mo máa sọ pé ó ní méjèèjì nìyẹn, kídìnrín onítọ̀hún wà nínú ewu ju ti ẹlòmíì lọ. Bí AS sì ṣe ń gba èèyàn lọ́wọ́ ibà, G1 àti G2 yìí náà ní ohun tí wọ́n wá ṣe lára àwọn baba ńlá wa, torí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní wọn lè pa irú kòkòrò kan tó ń fa àìsàn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ò lè pa. Ohun tó dáàbò bo wọ́n nígbà náà ló padà wá ń jẹ wá ní kídìnrín lónìí. Ọdún 2010 ni wọ́n rí èyí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń wádìí ìdí tí àìsàn kídìnrín fi ń pa àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ ju àwọn òyìnbó lọ, tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé bóyá ìfúnpá nìkan ni, tàbí bóyá wọn kì í lo oògùn ni.

Ibo ni wọ́n ti mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni jíìnì yìí pọ̀ sí jù? Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá Ìbàdàn ni. Iṣẹ́ HapMap, ìwádìí ìyàtọ̀ inú jíìnì àwọn èèyàn ayé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èèyàn 270 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lágbàáyé, 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn, bàbá àti ìyá àtọmọ ní ọgbọ̀n ìdílé, ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì wà nípamọ́ ní Coriell Institute ní New Jersey, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń lò ó dòní. Tẹ́ ẹ bá rí YRI nínú ìwé ìwádìí èyíkéyìí, àwa nìyẹn. Lára dátà Yorùbá yìí ni wọ́n ti rí i pé G1 nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú ẹ̀dà jíìnì náà mẹ́wàá. Mo gbé e ka iwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì, mo ní ẹ̀yin ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹnì kan tó ń gbé ní àdúgbò yín ló wà nínú ìwé yìí, ojú wọn là kedere, ọ̀kan wá béèrè pé, "Mà, ṣé wọ́n wá sọ fún wọn?"

Àwọn HapMap ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má kọ orúkọ kankan ni, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀nà àti padà. Mo gbà. Ti àbúrò mi yàtọ̀. Ti àbúrò mi ní nọ́ńbà.

Ẹ wá wo ibi tọ́rọ̀ náà ti di tèmi. Tí àbúrò mi bá ní méjèèjì, bàbá wa ní ọ̀kan ó kéré tán, ìyá wa náà ní ọ̀kan ó kéré tán, èmi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé èmi náà ní méjèèjì. Wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà pé kídìnrín tó wá láti ara ẹni dúdú tó kú tó sì ní méjèèjì, ó máa ń tètè bàjẹ́ lára ẹni tí wọ́n gbé e fún, wọ́n sì ti rí i pé ẹni tó wà láàyè tó fi kídìnrín kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé ó ní méjèèjì, agbára èyí tó kù lára ẹ̀ máa ń dín kù ju ti ẹlòmíì lọ, ìwádìí ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní APOLLO tó ń tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé mo lè yọ kídìnrín fún àbúrò mi kí ti ọ̀hún má pẹ́, kí tèmi náà tún kọṣẹ́, kí ìyá wa wá máa tẹ̀lé ọmọ méjì lọ sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo bi àwọn tó ń ṣètò ìpààrọ̀ kídìnrín fún wa, wọ́n ní àwọn ò ní tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ níbí, pé mo lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, owó ẹ̀ sì ju owó oṣù mi lọ. Èsì tí mo ń wá yìí, ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan tipẹ́tipẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi báírò kọ.

Àìsàn kídìnrín yìí náà ni bàbá wa ṣe kó tó kú. Ìtọ̀ rẹ̀ máa ń hó bí omi ọṣẹ, a ò mọ̀ pé púrótíìnì ló ń jò jáde látinú àsẹ́ kídìnrín, a rò pé ó kàn ń tọ̀ pẹ̀lú agbára ni. Ojú ẹ̀ á wú láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹsẹ̀ á gbà á. Wọ́n ní ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Ìgbà tí a máa fi dé ọsibítù ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀, torí kídìnrín ló ń sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀, bí kídìnrín bá ti ń kú, ẹ̀jẹ̀ náà ń tán nìyẹn, ọkàn rẹ̀ sì ti tóbi nítorí ìfúnpá ọdún gbọọrọ, ọkàn ló dá dúró níkẹyìn kì í ṣe kídìnrín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti kú bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Àbúrò mi wá ṣìkẹta. Àwọn ará ilé ní ogun ìdílé ni, a gbààwẹ̀, a rúbọ, a lọ sórí òkè. Wọn ò purọ́ tán náà, ó lè jẹ́ inú ìdílé ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ la bá ti wá a.

Èmi ò sọ pé APOL1 ló pa gbogbo wọn o. Mo mọ̀ pé ìfúnpá wà, àtọ̀gbẹ wà, àwọn oògùn ara ríro táwọn èèyàn ń dá jẹ fún ọdún mẹ́wàá wà, àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ wà, àrùn HIV wà. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ní méjèèjì ò ní ṣàìsàn kídìnrín títí wọ́n á fi kú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ gba ohun tí wọ́n lè fi mọ̀ lọ́wọ́ wa.

Mo fẹ́ yìn yín níbi tó yẹ. Ìwádìí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ṣe pẹ̀lú àwọn ará Ghana lábẹ́ H3Africa, ètò ìwádìí jíìnì àti ìlera nílẹ̀ Áfíríkà, tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin, Akinlolu Ojo àti Dwomoa Adu wà lára àwọn tó darí ẹ̀, ó wú mi lórí débi pé mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà mo fi há ògiri yàrá àwọn tíṣà. Èèyàn 8,355! Wọ́n rí i pé 43 nínú 100 ló ní ẹyọ kan, pé bí 30 nínú 100 ló ní méjèèjì. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá, tí gbogbo ayé ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é, pé ó dà bí AS, ewu tirẹ̀ náà fi 18 nínú 100 ju ti ẹni tí kò ní rárá lọ, ẹni tó ní méjèèjì fi 25 jù. Ní ti FSGS, ìyẹn irú àìsàn tó ń dá àpá sára àsẹ́ kídìnrín, ti ẹlẹ́yọ kan fi 61 jù, ti eléjì fi 84 jù. Dátà Amẹ́ríkà nìkan ò jẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. A ní láti wá a nílé ká tó rí i. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ẹ sì ṣe é.

Kì í sì ṣe òní ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn. Ní 1963 ni àwọn dókítà méjì, Gilles àti Hendrickse, ti kọ ọ́ jáde pé irú ibà kan, èyí tí Plasmodium malariae ń fà, ló wà nídìí wíwú ara àwọn ọmọdé tí púrótíìnì ń jò lára wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, fi ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìfúnpá àti kídìnrín ní UCH. Ìlú tó ti ń ṣèwádìí kídìnrín láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò yẹ kí ẹni tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ máa lọ gbọ́ èsì lórí fóònù.

Ohun tó ń dùn mí wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé fọ́ọ̀mù yẹn fún àbúrò mi, ohun tó sọ fún un ni pé, "A fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò." Ẹ gbọ́ ọ bí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò ló sọ, àyẹ̀wò sì ní èsì, kò sí Yorùbá tó máa lọ ṣe àyẹ̀wò tí kò ní padà lọ gba èsì, yálà lábù ni o yálà ọ̀dọ̀ babaláwo. Àbúrò mi padà lọ! Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá wọn ní káńtà, ó ní òun wá gba èsì àyẹ̀wò, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kò sí àyẹ̀wò kankan lórúkọ rẹ̀, ó rò pé wọ́n ti sọ ẹ̀jẹ̀ òun nù ni. Bó bá jẹ́ pé a ò ní rí èsì, kí wọ́n sọ ọ́ lédè wa pé, "A fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín pamọ́ kí á fi kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín lè má gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀." Àwọn kan á kọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó bá gbà á mọ ohun tí wọ́n gbà sí.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà kan tí mo bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní lábù rìsáàṣì kì í ṣe lábù ìtọ́jú, èsì ẹ̀ lè ṣàṣìṣe, ó nílò kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó fún èèyàn. Wọ́n ní kò tíì sí oògùn ẹ̀, kí la fẹ́ fi èsì ṣe, ṣé kí ẹ̀rù máa ba èèyàn lásán ni. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo gbà, ẹ tún un ṣe, èmi náà ò ní fẹ́ gba èsì tí kò dájú. Ṣùgbọ́n ti ìkejì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yí i padà. Mo ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n yọ kídìnrín mi. Ọmọ àbúrò mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹni tó bá mọ̀ pé òun wà nínú ewu á máa wọn ìfúnpá, á máa tọ̀ sínú ike lọ́dọọdún kí wọ́n wo púrótíìnì inú ẹ̀, ìyẹn ò sì wọ́nwó. Ẹ̀rù? Àwa tó ti sin bàbá, ẹ̀rù wo ló tún kù.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí náà ni ti ìṣirò eGFR wà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bó bá ṣe kéré sí ni iṣẹ́ kídìnrín ṣe kéré sí. Èsì àkọ́kọ́ tí àbúrò mi gbà ní lábù aládàáni kan, nọ́ńbà méjì ló wà lórí ẹ̀: 53, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé tó bá jẹ́ èèyàn dúdú, 61. Ẹni tó wò ó fún un ní kó máa lọ, pé ó ti lé ní 60, kò sí wàhálà. Ibo ni 61 ti wá? Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ló sọ pé kí wọ́n fi 1.159 sọ ti èèyàn dúdú di púpọ̀, torí wọ́n gbà pé iṣan wa pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. 2021 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní Amẹ́ríkà. Ní 2022 ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Malawi, Uganda àti South Africa, tí wọ́n fi oògùn iohexol wọn iṣẹ́ kídìnrín gan-an dípò kí wọ́n máa fi kíríátínìn, ìdọ̀tí tí kídìnrín ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, méfò, fi hàn pé àwọn ìṣirò yẹn ń fi àìsàn kídìnrín pamọ́ lọ́dọ̀ wa. Àbúrò mi jẹ́ ẹni 53. Ó pàdánù ọdún méjì tó yẹ kó ti máa lo oògùn ìfúnpá tó ń dáàbò bo kídìnrín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ̀wé sí gbogbo lábù, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí wọ́n yọ ìlà kejì yẹn, torí mo ṣì rí i lórí pépà ìyá ọmọ kíláàsì mi kan ní oṣù méjì sẹ́yìn.

Oògùn wá ń bọ̀. Kọ́ńpìnì Vertex ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní inaxaplin tó ń dí APOL1 lọ́wọ́. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2023, èèyàn 16 ló wọ inú ẹ̀, 13 ló lo oògùn bó ṣe yẹ, ọ̀sẹ̀ 13, púrótíìnì inú ìtọ̀ wọn fi bí 48 nínú 100 dín kù. Ó kéré, kò sí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀tàn láti fi wé e, kò sì tíì sọ bóyá kídìnrín máa pẹ́ sí i, mo kọ́ àwọn ọmọ mi kí wọ́n máa bi irú ìbéèrè yẹn. Síbẹ̀ mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n gbà sínú ẹ̀, ẹni tó ní méjèèjì ni. Àwọn 43 nínú 100 wa tó ní ẹyọ kan, tí ìwádìí yín fúnra yín sọ pé ewu wà fún, ta ló máa dán oògùn wò fún wọn? Ẹ̀yin lẹ ní dátà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún kọ́ńpìnì èyíkéyìí tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ níbí, pé kí wọ́n wá àyè fún ẹlẹ́yọ kan náà. Kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú àdéhùn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan, pé bí oògùn bá ṣiṣẹ́, ẹni tó bá wọn dán an wò á máa rí i lò lẹ́yìn ìdánwò, pé iye tí wọ́n máa tà á níbí á jẹ́ iye tí tíṣà lè rà.

Torí a ti rí bó ṣe ń rí tí wọn ò bá sí nílé wa. Dapagliflozin, oògùn kídìnrín tẹ́ ẹ ti ń kọ fáwọn èèyàn báyìí, ìdánwò DAPA-CKD tó gbé e jáde ní 2020 kó èèyàn 4,304 jọ ní orílẹ̀-èdè 21, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan níbẹ̀, èèyàn dúdú inú ẹ̀ ò tó 5 nínú 100. EMPA-KIDNEY ti 2022, ìdánwò empagliflozin tó jẹ́ irú oògùn kan náà, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, kò sí Áfíríkà. Oògùn náà dára, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ ọ́, mo ń sọ pé nígbà tí wọ́n bá nílò ẹ̀jẹ̀ wọ́n mọ ọ̀nà Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn wò ọ̀nà náà a dí.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí táwọn èèyàn wa fi ń bẹ̀rù. Ní Kano ní 1996, kọ́ńpìnì Pfizer dán oògùn Trovan wò nígbà àrùn yírunyírun, ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, àwọn òbí sọ pé wọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni, ẹjọ́ náà pẹ́ títí kí wọ́n tó sanwó. Ní 2008 oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n po kẹ́míkà olóró mọ́ ba kídìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ó lé ní 80 tó kú. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá sí klíníìkì yín lónìí rántí. Ẹni tó rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó sì tún na apá fún yín kẹ́ ẹ fa ẹ̀jẹ̀, ó ti ṣe yín lóore.

Nítorí náà ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ yín fẹnu kò pé gbogbo rìsáàṣì kídìnrín tó bá gba ẹ̀jẹ̀ wa gbọ́dọ̀ bi wá, lédè wa, bóyá a fẹ́ gbọ́ èsì tiwa. Ìlànà Helsinki táwọn dókítà àgbáyé fọwọ́ sí ti sọ pé ó yẹ kí ẹni tó kópa láǹfààní láti gbọ́ ohun tí ìwádìí náà rí, ìyẹn kéré jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá sí rédíò, ẹ wá sí àwọn ilé ìjọsìn, ẹ wá sí ilé ẹ̀kọ́ tèmi, mo máa kó àwọn òbí jọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ti ara òun, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò ní lábù tó dájú kẹ́ ẹ pè é. Kí tẹ́ẹ̀sì APOL1 sì wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yọ kídìnrín lára alààyè ní Nàìjíríà. Láti 2000 tí St Nicholas l'Ékòó ti kọ́kọ́ ṣe ìpààrọ̀ kídìnrín nílẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ìyá àti ọmọ ló ń fún ara wọn, inú ìdílé kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà.

A ti dá ọ̀rọ̀ yíyọ kídìnrín mi dúró ná. Àbúrò mi ní òun ò ní gbà á àfi tí òun bá mọ̀ pé kò ní pa mí lára, bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó kò gbà. Fọ́ọ̀mù náà ti wà nínú náílọ́ọ̀nù kí omi má bàa kàn án, inú báàgì tó ń gbé lọ sí dáyálísísì ló fi sí, pẹ̀lú ìwé ìfúnpá àti ẹ̀wù òtútù, ó ní bóyá wọ́n á béèrè. Nọ́ńbà igun òkè yẹn ṣì hàn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kàn sọ, màá kà á fún yín.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, n'Íbàdàn